Ẹṣin Frankel Ní Ìwé Ìran, Ẹṣin Òde Tiwa Ò Ní Orúkọ Pàápàá

Ẹ̀yin tí ẹ ti gun ẹṣin ya fọ́tò rí níbi ìnáwó, ìbéèrè kékeré kan ni mo ní fún yín. Kí lorúkọ ẹṣin náà? Ọmọ ọdún mélòó ni? Níbo ni wọ́n ti mú un wá, ta ló sì ni ín gan-an? Ṣé ẹni tó di ìjánu rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà ni, àbí ẹlòmíì tó jókòó sílé tó ń retí alert? Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bíi mẹ́fà ní ìbéèrè yìí. Gbogbo wọn rántí aṣọ tí wọ́n wọ̀ àti ẹni tó ya fọ́tò. Nípa ẹṣin, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rántí ni pé ó funfun.

Mi ò bá wọn jà, gbogbo wa la jọ wà nínú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde lóṣù Kẹfà ọdún 2024, fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan. A mọ awò ojú tó lò, a mọ sìgá ńlá tó fi sẹ́nu, a mọ táàtúù ara rẹ̀. Mi ò rí ẹyọ ẹnì kan tó bèèrè pé ẹṣin tó gbé e yẹn, ọmọ ta ni? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "ọmọ ta ni ẹ́?" ni ìbéèrè tí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ máa ń bi èèyàn kí wọ́n tó bi í ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹṣin kan fún yín tí gbogbo ayé mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.

Frankel lorúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kejì ọdún 2008. Khalid Abdullah, ọmọọba kan ní Saudi Arabia, ló ni ín; àgbà olùkọ́ ẹṣin kan, Henry Cecil, ló kọ́ ọ ní Newmarket; Tom Queally ló ń gùn ún. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, wọn ò ṣàdédé sọ ọ́. Olùkọ́ ẹṣin ará Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Bobby Frankel, tó kú lọ́dún 2009, òun ni wọ́n fi ẹṣin náà ṣe ìrántí rẹ̀.

Ìgbà 14 ni Frankel sáré ìje láyé rẹ̀. Ìgbà 14 náà ló ṣe ipò kìíní. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jáde, lóṣù Kẹjọ ọdún 2010, ẹṣin kan tó ń jẹ́ Nathaniel ló sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, Nathaniel yẹn fúnra rẹ̀ gba King George, ọ̀kan nínú àwọn ìje tó tóbi jù ní Ascot. Ìyẹn ni pé kì í ṣe ewúrẹ́ ni wọ́n kó bá Frankel sáré o. Ní ìje tí wọ́n ń pè ní 2000 Guineas lọ́dún 2011, bí géètì ṣe ṣí báyìí ló ti já lọ, kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, àwọn yòókù ti dà bí ẹni tó dúró de bọ́ọ̀sì. Gígùn ara ẹṣin 6 ló fi borí. Ní Queen Anne lọ́dún 2012, ó di gígùn ara ẹṣin 11. Timeform, ilé iṣẹ́ kan tó ti ń fún ẹṣin ní máàkì láti ọdún 1948, fún un ní 147. Nínú ẹṣin tó ń sáré lórí pápá títẹ́jú láìfo nǹkan, kò sí èyí tó gba tó bẹ́ẹ̀ rí. Oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ló sáré kẹ́yìn, ọmọ ọdún 4 péré ni nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ kì í ṣe eré yẹn o, ìwà rẹ̀ ni. Frankel lórí kunkun. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, ó fẹ́ ná gbogbo agbára rẹ̀ tán ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń fa ìjánu bí ẹni pé ó fẹ́ já ọwọ́ ẹni tó gùn ún. Cecil mọ̀, àwọn tó ń gùn ún láàárọ̀ mọ̀, àwọn oníròyìn náà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn. Wọ́n fi sùúrù kọ́ ọ títí tó fi mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de àsìkò. Cecil ń ṣe gbogbo èyí nígbà tí jẹjẹrẹ ń bá a fínra. Oṣù Kẹfà ọdún 2013 ló kú, ẹṣin rẹ̀ ò tíì fẹ̀yìn tì pé ọdún kan.

Àbí ẹ rò pé bí Frankel ṣe fi ìje sílẹ̀ ni owó dúró? Ibẹ̀ gan-an lowó ti bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ìje tó sáré, owó tó kó wálé kò tó mílíọ̀nù 3 pọ́n-ùn. Lọ́dún 2013 tí wọ́n fi í sídìí iṣẹ́ bàbá, ẹni tó bá fẹ́ kó gun abo ẹṣin òun máa san 125,000 pọ́n-ùn, fún abo ẹyọ kan. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rẹ́rìn-ín, mo rí yín.) Nígbà tó fi máa di ọdún 2024, iye yẹn ti di 350,000 pọ́n-ùn. Ọmọ rẹ̀ Adayar gba Derby lọ́dún 2021, ọmọ rẹ̀ obìnrin Alpinista gba ìje Arc ní Paris lọ́dún 2022.

Kí ló wà nínú ẹṣin kan tí èèyàn máa fi san owó ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìwé ni. Lọ́dún 1791, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ James Weatherby bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, General Stud Book, tó kọ orúkọ ẹṣin ìje àti ti bàbá pẹ̀lú ìyá wọn sí. Títí di òní, ilé iṣẹ́ àwọn Weatherby ló ṣì ń tọ́jú ìwé náà. Ẹṣin tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò bá sí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe Thoroughbred, bó ti wù kó sáré tó. Bí ẹ bá ń tọpa ìran bàbá gbogbo wọn padà sẹ́yìn, akọ ẹṣin mẹ́ta péré lẹ máa bá níbẹ̀: Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ìhà ìlà oòrùn ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn. Frankel, ọmọ Galileo tó gba Derby lọ́dún 2001, ìyá rẹ̀ ni Kind, ọmọ Danehill. Ẹ lè máa bá a lọ títí ẹ ó fi kan Darley Arabian.

Wọn ò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọn ò gbà kí dókítà fi abẹ́rẹ́ gbin ọmọ sínú abo ẹṣin Thoroughbred, àfi kí akọ gùn ún lójúkojú. Bí wọ́n bá bí ọmọ, wọ́n máa yẹ DNA rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ̀ pé bàbá tí wọ́n dá ló ni ín. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kékeré sábẹ́ awọ ọrùn rẹ̀, wọ́n á fún un ní ìwé ìrìnnà tirẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tò ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà láti àárọ̀ kùtù, ẹ má bínú.

Àwa náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe yìí dáadáa. Oríkì orílẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan ní Aké lè ka ìran ẹ dé orí ẹni karùn-ún láìwo ìwé, á tún fi èèwọ̀ ìdílé kún un. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a ò ṣe é fún ẹṣin rárá, ohun tá a bá sì fi ẹnu mú nìkan, ọjọ́ tí ìyá àgbà bá sùn ló bá a lọ.

Ẹnì kan lè ní ìran nìkan kọ́. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2006, wọ́n ra ẹṣin kan tó ń jẹ́ The Green Monkey ní 16 mílíọ̀nù dọ́là nítorí ìran tó ti wá àti bó ṣe sáré níṣojú àwọn oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sáré ìje, kò borí lẹ́ẹ̀kankan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ la ṣe mọ̀ pé ó já wọn kulẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Abẹ́òkúta.

Àwa Ẹ̀gbá kì í ṣe ará ẹlẹ́ṣin látilẹ̀, kò sì yẹ kí ojú tì wá. Àwọn Ọ̀yọ́ ló ní ẹṣin. Ẹṣin ogun ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ilẹ̀ sábẹ́ ara wọn, àwọn pàápàá sì ń rà á láti òkè ọ̀hún ni, nítorí pé ẹṣin kì í pẹ́ nílẹ̀ wa. Eṣinṣin tsetse tó wà nínú igbó ló ń fún un ní àìsàn tó máa gbẹ ẹ́ títí á fi kú. Ibi tí igbó bá ti ki, tí odò pọ̀, tí ọ̀nà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ méjì lọ, ẹlẹ́ṣin ò lè sá níbẹ̀. Igbó yẹn wà lára ohun tó ran Lísàbí àti àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n dìde sí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nítorí náà, bí o bá gun ẹṣin wá ṣọdún Lísàbí, ó dáa, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ìwọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀: ohun ìjà àwọn tí Lísàbí lé lọ lo jókòó lé.

Ohun tí mò ń sọ ni pé àlejò ni ẹṣin nílẹ̀ yìí. Láti òkè ọya ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá. Ooru wa yàtọ̀ sí ooru tí wọ́n bí wọn sí, kòkòrò wa yàtọ̀, oúnjẹ wa yàtọ̀. Àlejò tí ara ò rọ̀ yìí la wá sọ di ohun ọ̀ṣọ́ òde.

Mo ti rí wọn níbi ìgbéyàwó, níbi ìwúyè, níbi òkú àgbà. Ẹṣin á dúró láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lórí kọ̀ǹkéré tó gbóná, kò sí ibòòji, kò sí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Wọ́n á da aṣọ tó wúwo bò ó láti ọrùn dé ìrù. Ọkọ ìyàwó á gùn ún, àwọn ọ̀rẹ́ ọkọ á gùn ún tẹ̀ léra wọn, lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n kan tó sanra dáadáa á ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ gùn ún. Sípíkà ńlá wà ní ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀. Ẹnìkan á yin ìbọn ìbílẹ̀. Àwọn ọmọdé á máa sá gba abẹ́ ìrù rẹ̀ kọjá, ìyá wọn á máa fi fóònù ká fídíò. Tí ẹṣin bá wá tàpá, a ó ní ẹṣin burúkú ni, ẹ̀mí àìrí wà lára ẹ̀.

Kò sí ẹ̀mí kankan. Ẹ̀rù ló bà á, ó sì ti rẹ̀ ẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ tí mo kọ́ ti kàn nìyí, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀. Nínú Criminal Code wa, abala 495 sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn lu ẹranko nílùkulù, kó gùn ún ju agbára rẹ̀ lọ, kó di ẹrù lé e ju bó ṣe yẹ, tàbí kó dẹ́rù bà á. Ó gún régé, àbí? Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn ₦50, tàbí méjèèjì. Mi ò ṣi nọ́ńbà kọ o, náírà àádọ́ta ni. Ẹ mú ₦50 lọ bá ẹni tó ń ta pure water, kẹ́ ẹ wo ojú tó máa fi wò yín.

Ti ẹṣin nìyẹn. Ti ọmọ tí ẹṣin tàpá sí ńkọ́? Nínú òfin tá a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ẹran ilé ni wọ́n ka ẹṣin sí, kì í ṣe bíi kìnnìún. Ẹni tó ni kìnnìún máa san owó ohun tó bá ṣe, kò sí àwáwí. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ṣe èèyàn léṣe, ẹni tó fẹ́ gba owó ìtọ́jú ní láti fi hàn pé olówó ẹṣin ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹṣin yìí gan-an máa ń tàpá tàbí kó géni jẹ, tàbí kó fi hàn pé wọn ò ṣọ́ra tó. Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni ìyá ọmọ ṣe máa fi hàn? Ẹṣin tí kò lórúkọ, tí a ò mọ ibi tó ti wá, tí ẹni mẹ́ta ti rà tí wọ́n sì ti tà láàárín ọdún kan, ta ló máa jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀? Ẹni tó mú un wá sí òde á ní òun kọ́ lòun ni ín. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ fi sanwó fún un ò ní í lọ mọ́. Bí wọ́n bá ti da aṣọ míì bo ẹṣin náà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ó ti di ẹṣin tuntun nìyẹn.

Gbogbo Newmarket ló mọ̀ pé Frankel máa ń fa ìjánu. Ẹṣin òde tiwa lè ti ṣe èèyàn mẹ́ta léṣe ní Ṣágámù, kó dé Ìbarà lọ́sẹ̀ kejì, kí wọ́n sì gbé ọmọ ọdún mẹ́rin lé e lẹ́yìn.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì máa kọ sábẹ́ àpilẹ̀kọ yìí: "Lọ́yà, èèyàn ò tíì rí jẹ, ìwé ẹṣin lò ń sọ." Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ẹṣin jẹun náà èèyàn ni. Tí ẹṣin rẹ̀ bá ṣubú nínú oòrùn, owó iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣubú yẹn. Ẹlòmíì á ní òyìnbó pàápàá ń fi ẹṣin jìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹṣin ìje máa ń fẹsẹ̀ kán lórí pápá, wọ́n sì máa ń pa á níbẹ̀. Ìran wọn ti há jù, nítorí pé ó ju mẹ́sàn-án nínú akọ Thoroughbred mẹ́wàá tí Darley Arabian nìkan jẹ́ orísun wọn níhà bàbá. Mi ò ní ká kó gbogbo rẹ̀ wá. Àmọ́ ní Britain láti ọdún 2023, ẹni tó bá gun ẹṣin ní ìje pápá títẹ́jú ò gbọ́dọ̀ lo pàṣán ju ẹ̀ẹ̀mẹfà lọ, ẹnì kan sì wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kà á. Níhìn-ín, ta ló ń kà á?

Ẹ má sì sọ pé a ò lè ṣe é, torí ní Abẹ́òkúta níbí la ti ṣe èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ tí wọ́n ń pè ní FUNAAB Alpha, Yunifásítì ìmọ̀ iṣẹ́ ọ̀gbìn wa níbí ló mú un jáde, ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìran adìẹ tuntun. Iṣẹ́ tó lé ní ogún ọdún ni. Adìẹ o! Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé èyí lọmọ tibí, èyí ló yé ẹyin jù, èyí ló tètè dàgbà, ìran dé ìran. Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣe ìyẹn náà ló ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn ẹranko. Kí ló wá le nínú káàdì kan fún ẹṣin? Fọ́tò ẹṣin náà pẹ̀lú àmì ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ tí dókítà ẹranko fi eyín rẹ̀ mọ̀, orúkọ àti nọ́ńbà olówó rẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti gbà, ẹni tó ti ṣe léṣe rí. Kí ìjọba Ògùn ní kò sí ẹṣin tó máa wọ òde gbogboogbò láìní káàdì yẹn, bí mọ́tò ò ṣe gbọ́dọ̀ jáde láìní ìwé. Kí àwọn aṣòfin Òkè-Mọ́sàn sì wo ọ̀rọ̀ ₦50 yẹn, jàre.

Ibi tó ti máa rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀ ni Ojúde Ọba. Àwọn ìdílé Balógun tó ń gun ẹṣin níbẹ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ ìdílé ṣeré, wọ́n mọ ẹni tó gùn ún lọ́dún wo àti aṣọ tó wọ̀. Bí wọ́n bá ka orúkọ àwọn ẹṣin náà sétígbọ̀ọ́ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú ọjọ́ orí wọn àti ibi tí wọ́n ti bí wọn, mo fi dá yín lójú pé TikTok máa gbà á. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn tó ń gba ẹṣin fún ìgbéyàwó ní Abẹ́òkúta náà á máa bèèrè fún tiwọn.

Títí ìjọba á fi ṣe tirẹ̀, ẹ fi àdéhùn ṣe tiyín. Lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi kan fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, ó ní dandan àfi kóun gun ẹṣin wọlé. Mo kọ ìwé ojú kan péré fún ẹni tó fẹ́ mú ẹṣin wá: orúkọ rẹ̀, orúkọ ẹṣin, wákàtí tó máa lò, pé ibòòji àti omi wà lọ́wọ́ wa, pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa gùn ún. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé kó kọ ohunkóhun tí ẹṣin náà kò fẹ́ sílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Bàbá náà ka ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Lọ́yà, ẹṣin ni o, kì í ṣe ilẹ̀." Ó ní orúkọ ẹṣin náà ni Àlàáfíà. Ó ti fẹ́ fọwọ́ sí i tán kó tó dá bírò dúró, ó wo ojú mi, ó wá kọ ọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀ pé kò fẹ́ kí wọ́n lu dùndún lẹ́yìn òun, pé ìgbà tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ní Ifọ̀, ó ta ẹni tó gùn ún nù.

A gbé àwọn onílù síwájú.